Áyódìn inú ìtọ̀ mi jẹ́ 62 lóṣù tó kọjá, ó di 240 lóṣù yìí: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Ẹ kú ilé o. Bódìjà ni mo ti ń tajà. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ọrùn mi ti ń wú díẹ̀díẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ mi kò yí i ká mọ́. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní kí n lọ yẹ áyódìn, èròjà inú iyọ̀ tí ọrùn nílò, wò nínú ìtọ̀ mi. Mo wá láàbù tó ń ṣe é títí ó fi rẹ̀ mí; èyí tí mo rí pàápàá, ìta ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àpò èlùbọ́! 62 ló kọ́kọ́ jáde. Mo tún un ṣe, ó di 240. Iyọ̀ kan náà ni mo ń jẹ o. Ṣé wọ́n ń fi mí ṣeré ni? Àbí kí n fi iyọ̀ kún ọbẹ̀?

Onígò Ìtọ̀: Ẹ kú ọjà, Mà. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá. Ẹ má tíì bá wọn jà. Púpọ̀ jù nínú áyódìn tí a bá jẹ ló ń bá ìtọ̀ jáde, nítorí náà oúnjẹ àná àti omi tí ẹ mu ni ìtọ̀ òní ń sọ. Bí ẹ bá mu omi púpọ̀, nọ́ńbà á wálẹ̀. Àwọn olùwádìí máa ń gba ìtọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé, wọ́n á to nọ́ńbà wọn láti orí kékeré dé ńlá, wọ́n á mú ti àárín. Bó bá bọ́ sí 100 sí 199 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, áyódìn tó ládùúgbò yẹn nìyẹn. Àdúgbò ni ìwọ̀n yẹn wà fún, kì í ṣe ọrùn ẹnì kan. Kí a tó sọ ti ẹnì kan, a ó gba ìtọ̀ rẹ̀ tó bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ rèé: a ó fi kẹ́míkà se ìtọ̀ náà, a ó wá da ásẹ́níìkì àti omi seríọ́mù aláwọ̀ ìyeyè sí i. Bí áyódìn bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ yẹn ṣe ń yára ṣá. Áyódìn díẹ̀ láti ibòmíràn ti tó láti bà á jẹ́. Ṣé ẹ fi oògùn egbò pupa dúdú yẹn kan ara lóṣù yìí?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Yéè! Agolo ìwọ̀n gé mi lọ́wọ́ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ. Òun ni mo fi ń nu ojú egbò. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi di ike ìtọ̀ mú.

Onígò Ìtọ̀: Ẹ wá ríi! Áyódìn ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń gba ojú egbò wọ ara. Ẹ má fi iyọ̀ kún ọbẹ̀, Mà. Ẹ̀jẹ̀ la fi ń yẹ ọrùn wíwú wò, TSH àti T4 (àwọn họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ bí ẹṣẹ́ ọrùn ṣe ń ṣiṣẹ́), kí dókítà sì fọwọ́ kan ọrùn náà.

Ọmọ Òkè-Àdó: Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ náà ń fa gẹ̀gẹ̀.

Onígò Ìtọ̀: Èyí tí wọn kò rẹ dáadáa ni, tí áyódìn kò sì tó lára. Májèlé rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà fún áyódìn.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Èlùbọ́ iṣu ni tèmi o, n kì í ta láfún! Mò ń lọ ilé ìwòsàn UCH lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ Kánádà yẹn ló máa san owó èyí.