Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe "okùnfà", ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ míì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká bá yín yẹ gbólóhùn yìí wò: "Okùnfà àrùn ọkàn ti di ìlọ́po méjì lágbàáyé láàárín 1990 sí 2019." Ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ pè ní okùnfà níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ló há mi lọ́fun.

Ti "ìlọ́po méjì" ná. Iṣẹ́ NCD-RisC lẹ ń túmọ̀, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí káàkiri ayé tó ń tọpa ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn àrùn tí kì í ranni, àwọn tó kó ìwádìí tó lé ní 1,200 jọ láti orílẹ̀-èdè 184, èèyàn bíi mílíọ̀nù 104 ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, láti ẹni ọgbọ̀n ọdún dé ẹni 79, kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 650 bọ́ sí bílíọ̀nù 1.28. Òótọ́ ni, èèyàn ló di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ orí wéra dáadáa, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin bíi 32 ló ní in, nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin bíi 34, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 1990. Ayé ló kún sí i, àwọn tó ń dàgbà sì ń pọ̀ sí i. Bí agboolé ẹlẹ́ni mẹ́wàá bá di ẹlẹ́ni ogún, tí àwọn alẹ́jẹ̀ ríru ibẹ̀ kúrò ní mẹ́ta di mẹ́fà, ṣé a máa ní àrùn ti gbilẹ̀ sí i ni? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé ká fi "iye" sílẹ̀ fún kíka orí, ká wá máa pe bí wọ́n ṣe pọ̀ tó láàárín èèyàn ọgọ́rùn-ún ní "ìdá nínú ọgọ́rùn-ún", torí òun la fi ń mọ̀ pé ó kéré ní Kánádà àti Peru, ó sì ga láàárín àwọn ọkùnrin Hungary àti Poland.

"Okùnfà" tẹ́ ẹ fi túmọ̀ "risk factor" ló dùn mí jù. Wọ́n sọ fún bùọ̀dá mi kan ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni okùnfà àrùn ọkàn, ó ní ọkàn òun ò ṣe nǹkan kan, á jẹ́ pé irọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ó bá pa oògùn tì. Okùnfà létí Yorùbá ni pé tó bá ti wà, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn olùwádìí àrùn ọkàn tó ń tọpa ìlera àwọn ará ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà láti 1948, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "risk factor" di mímọ̀ ní 1961, ohun tó ń jẹ́ kó rọrùn fún àrùn láti wọlé ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, àmọ́ ògiri lè lanu kí aláǹgbá má tíì dé. Mo dábàá "aṣílẹ̀kùn àrùn". "Àǹfààní àtikó àrùn ọkàn" tí ẹnì kan mú wá ò bá mi lára mu rárá, àǹfààní kì í ṣe ohun burúkú, àrùn tó ń ranni la sì ń kó.

Kí n tó gbàgbé, "ìdàgbàsókè" ò lè dúró fún "trend", ìyẹn bí nǹkan ṣe ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní North Karelia ní Finland, láti 1972 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti sìgá àti ọ̀rá bọ́tà, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fi ohun tó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ láàárín ogójì ọdún. Ìdàgbàsókè wo nìyẹn? "Ìrìn" náà wù mí, àfi pé "ìrìn ẹ̀jẹ̀ ríru" á máa dún bíi pé ẹ̀jẹ̀ ló ń rìn nínú iṣan. Ẹ jẹ́ ká lo "ìgòkè-sọ̀kalẹ̀".

Bí èmi á ṣe kọ gbólóhùn yín rèé, ẹ bá mi tún un ṣe: "Láàárín 1990 sí 2019, iye àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan lára àwọn aṣílẹ̀kùn àrùn ọkàn, di ìlọ́po méjì lágbàáyé, àmọ́ ìdá wọn nínú ọgọ́rùn-ún ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà."