Ẹni tó júwe ilé wa wá tọrọ àforíjì

Ìyá Tóbi, Èbúté Mẹ́ta:
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti Sátidé ni mi ò ti sùn. Mubi, ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, là ń gbé nígbà tí Boko Haram gbà á ní Oṣù Kẹwàá 2014. Aládùúgbò tí mò ń bu ìrẹsì Kérésì fún ló júwe ilé wa pé onígbàgbọ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n pa ọkọ mi. Aládùúgbò yẹn wá bá mi ní ìsọ̀ mi l'Óyìngbò, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àwọn oníbàárà ń wò wá! Pásítọ̀ ní bí mi ò bá dárí jì í, kí n má jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti wá ń wò mí bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Díákónì Àgbà:
Ẹ ka Mátíù 6:15: bí a ò bá dárí ji ènìyàn, Baba wa ò ní dárí jì wá. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Múṣin:
Ó yé mi. Ayálégbé mi jẹ mí lówó ọdún méjì, mo sì dárí jì í.

Bùọ̀dá Yábàá:
Ìyá Ìbejì, ẹ̀jẹ̀ la ń sọ, ẹ ń sọ owó ilé! Ìyá Tóbi, ní 1947, Corrie ten Boom, obìnrin onígbàgbọ́ ará Netherlands tí ìjọba Hitler fi sẹ́wọ̀n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì torí pé ó fi àwọn Júù pamọ́, wàásù ìdáríjì tán ní Munich, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Ravensbrück ní Germany, níbi tí Betsie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí ní 1944, wá na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ Corrie kọ̀, kò gbé. Àfìgbà tó gbàdúrà kó tó lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ṣọlá:
Ogun ti parí nígbà yẹn. Ẹ pe ọlọ́pàá ní tiyín.

Díákónì Àgbà:
Ṣọlá, ṣé ọlọ́pàá ni Jésù rán wa sí?

Àǹtí Bísí:
Ìyá Tóbi, ṣé ó fínnúfíndọ̀ júwe ilé náà ni?

Ìyá Tóbi, Èbúté Mẹ́ta:
Díákónì, ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo pọ̀n sẹ́yìn sá wọ igbó. Ẹ má ka Bíbélì fún mi bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n kà.
Àǹtí Bísí, wọ́n gbé ìbọn lé ọmọ rẹ̀ lórí. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣàánú rẹ̀ ni mi ò ṣe kọ ọ́. Òun náà ló sin ọkọ mi lóru. Ó mú òrùka ìgbéyàwó wa wá fún mi. Inú ọ̀rá ló wà lábẹ́ àpótí ìsọ̀, mi ò tíì lè fọwọ́ kàn án. Ó lóun ń padà bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀.

Àǹtí Bísí:
Apá ibo l'Óyìngbò ni ìsọ̀ yín wà? Màá wá jókòó tì yín l'Ọ́jọ́bọ̀.