Ohun tójú mi rí níbi gíríìnì bíìnsì aláta ti àwọn ará Sichuan

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bá àwo ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo wọ̀jà, Sátidé tó kọjá ni mo tó rí i dá. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí, kó wá sọ tiẹ̀ síbí, kó má di pé èmi nìkan ni mo jìyà.

Àbúrò ọkọ mi ló fà á. Ó ṣe ọjọ́ ìbí, ó ní ká lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Sichuan (ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà) kan nítòsí Gerrard Street, níbi tí ìsọ̀ àwọn ará Ṣáínà pọ̀ sí láàárín Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé ẹja wá, wọ́n gbé adìyẹ wá, ṣùgbọ́n àwo kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì ló gba ọkàn mi. Gíríìnì bíìnsì ni, èyí tí gbogbo wa ń gé wẹ́wẹ́ sínú fúráìdì ráìsì níbi ìnáwó. Àmọ́ kò jọ ti ìnáwó rárá. Ara rẹ̀ hunjọ bí ìka ẹni tó ti ń fọṣọ láti àárọ̀, ó ní àpá iná lára, ata gígbẹ pupa wà láàárín rẹ̀, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ kan tó dà bí irú sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí omi ọbẹ̀ kankan nísàlẹ̀ àwo. Mo fi ẹyọ kan sẹ́nu, ó ta mí. Kí n tó mọ̀, ètè mi ti kú, ahọ́n mi ń gbọ̀n bí ìgbà téèyàn fi ahọ́n kan orí bátìrì.

Ẹ gbọ́, mo mọ nǹkan yẹn! Mo dá ṣíbí dúró, mo ń wá orúkọ ẹ̀ nínú orí mi. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú kì í fi búrọ́ọ̀ṣì fọnu, orín ata ló ń rún láràárọ̀. Bó bá ṣẹ́ díẹ̀ fún mi, bí ẹnu mi ṣe máa ń kú nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Orín ata ni wọ́n fi sè é." Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa jẹun.

Ìgbà tí mo délé ni mo wádìí. Huajiao ni wọ́n ń pe nǹkan tó ń pa ẹnu yẹn. Kì í ṣe ata, kì í sì í ṣe iyèré. Èèpo èso igi kan ni, igi náà sì bá ọsàn tan. Zanthoxylum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe agbo ilé rẹ̀. Orúkọ orín ata tiwa lọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Zanthoxylum zanthoxyloides. Ẹbí kan náà ni wọ́n! Mo gbé fóònù há ọkọ mi lójú. Kò tọrọ àforíjì.

Ni mo bá kó wọ ilé ìdáná.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo ra huajiao inú ìgò kékeré ní súpámákẹ́ẹ̀tì àdúgbò. Mo fọ ẹ̀wà náà, mo da gbogbo rẹ̀, bíi 400 gíráàmù, sínú páànù lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú òróró ṣíbí méjì. Kò dún ṣìì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ẹ̀, páànù di odò, dídín di bíbọ̀. Ohun tí mo gbé kalẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lẹ́yìn, ó sì ń ké nínú. Huajiao yẹn wá dà bí ẹni ń jẹ eruku pákó. Ẹnu tó yẹ kó kú, kò tilẹ̀ tòògbé.

Ìgbà kejì, mo ní iná ló kù. Mo gbé páànù lé iná tó ga jù lọ, mo dúró títí òróró fi ń rú èéfín, mo wá da ata gígbẹ mẹ́wàá àti huajiao sí i. Ẹ̀yin tó ti sun ata rí nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ẹ ti mọ ìyókù. Ata dúdú bí èédú kí n tó ṣẹ́jú. Àwọn ìbejì ń wúkọ́ ní yàrá, ọkọ mi ń sín, aago èéfín ń ké lókè orí wa, ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí. Mo ní kò sí, oúnjẹ ni. Ó wo ojú mi tó ti pọ́n, ó wo àwọn ọmọ tó ń domi lójú. Mi ò rò pé ó gbà mí gbọ́.

Ìkẹta dé ìkarùn-ún, ẹ jẹ́ ká fò ó. Nǹkan ni mo ṣáà ń rà. Mo ra sọ́ọ̀sì sóyà oríṣi méjì, mo ra Ajinomoto (ẹ̀yin tí ẹ ní wọ́n fi ń fọ aṣọ, ẹ rọra), mo ra agbada tuntun. Owó lọ, ẹ̀wà ṣì ń rọ̀.

Nígbà tó sú mi, mo padà sí ilé oúnjẹ náà lémi nìkan, mo bi ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀wà náà á kọ́kọ́ wẹ̀ nínú òróró gbígbóná kó tó dé inú agbada, àti pé iná tó wà nílé ìdáná wọn, kò sí irú ẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ó ní nílé ìyá òun, wọn kì í lo òróró tó pọ̀. Iná jẹ́jẹ́ ni, wọ́n á máa yí i nínú agbada fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, títí ara ẹ̀ á fi gbẹ. Gan bian ni wọ́n ń pe ìdáná yẹn, ìyẹn ni pé ká dín in gbẹ. Ilé oúnjẹ ò ní ogún ìṣẹ́jú fún àwo ẹ̀wà kan, ni wọ́n ṣe ń rì í sínú òróró.

Ojú tì mí. Èmi tí ìyá mi ti ń fi sídìí agbada àkàrà láti ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ta ni kò mọ̀ pé bí òróró ò bá gbóná, àkàrà á mu ún? Ta ni kò mọ̀ pé béèyàn bá dá àkàrà púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, òróró á tutù? Torí pé oúnjẹ náà ní orúkọ tí ẹnu mi ò gbà, mo ti gbàgbé gbogbo ohun tí mo mọ̀.

Bí mo ṣe ṣe é lọ́jọ́ Sátidé rèé. Alẹ́ Fúráìdè ni mo ti fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnuwọ́ kó gbẹ dáadáa, torí omi tó bá kan òróró gbígbóná, ojú ẹni ló ń ta lé. Mo já orí àti ìdí rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì. Òróró ife méjì. Mo ti ìdí ṣíbí onígi bọ̀ ọ́, nígbà tó hó yí ṣíbí ká, mo mọ̀ pé ó ti tó. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín ẹ̀wà sí. Ariwo á kọ́kọ́ pọ̀ gan-an, omi ló ń sá jáde yẹn. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún, ariwo á rọlẹ̀, awọ ẹ̀wà á hunjọ, á lé ròrò wẹ́wẹ́. Mo kó o sínú asẹ́.

Mo da òróró kúrò, ó ku ṣíbí kan. Mo rẹ iná sílẹ̀. Huajiao ṣíbí ìpotíì kan àti ata gígbẹ tí mo ti gbọn hóró inú ẹ̀ dànù wọlé nígbà tí òróró ò tíì gbóná jù, kí òórùn wọn lè rọra jáde. Pupa ni kí ata wà. Tó bá ti ń dúdú, ẹ ti pẹ́. Aáyù tẹ̀ lé e, ata ilẹ̀, lẹ́yìn náà ya cai ṣíbí méjì. Ya cai ni nǹkan dúdú tí mo pè ní irú yẹn, igi ewé mọ́sítáàdì tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà pa mọ́ títí tó fi dúdú. Ìlú Yibin ní Sichuan ló lórúkọ nídìí ẹ̀. Mo wá gbé iná sókè, ẹ̀wà padà sínú agbada, sọ́ọ̀sì sóyà díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ṣúgà ìwọ̀n ìka méjì. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ti délẹ̀. Wọ́n máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ sí i, àwa ò jẹ ẹ́ nílé wa, mi ò sì rí ohun tó dín kù.

Huajiao tòótọ́, inú ọ̀rá ni mo ti rí i nísọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Bí ẹ bá já ọ̀rá náà, òórùn èèpo ọsàn ló máa kọ́kọ́ kí yín. Ẹ ṣa hóró dúdú inú ẹ̀ dànù o, bí iyanrìn ló rí lẹ́nu.

Ọkọ mi jẹ ẹ́. Ó dákẹ́. Ó jẹ òmíì. Ó wá ní, "Orín ata."

Bọ̀dá Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú orí ire aago èéfín. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ń jayé, ẹ ò mọ̀ ni. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà níbí, huajiao ò gbọdọ̀ wọ̀lú. Láti 1968 ni ìjọba ti fòfin dè é, nítorí ìbátan ọsàn tí ẹ sọ yẹn gan-an: wọ́n ní ó lè gbé àrùn tó ń ba igi ọsàn jẹ́ wọlé, ẹ sì mọ ohun tí ọsàn jẹ́ fún Florida àti California. 2005 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ti fi ooru yá a kó tó wọ ọkọ̀. Ilé oúnjẹ kan tí mo ti fọ abọ́ nígbà náà, inú agolo tíì ni ọ̀gá ń fi tiẹ̀ pa mọ́ sí. Èmi ṣáà rò pé oògùn ni.

Tèmi, mi ò lè dúró ti òróró ife méjì. Mo máa ń fi òróró ṣíbí kan pa á lára, mo tẹ́ ẹ sórí páànù pẹlẹbẹ kó má gun ara wọn, ó di inú ófùn ní 230 sẹ́ńtígíréèdì, bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó hunjọ dáadáa. Ṣé ó dùn tó ti ilé oúnjẹ? Rárá. Àmọ́ mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, dókítà mi sì mọ orúkọ mi.

Ìyá Ọlọ́jà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Ọmọ mi obìnrin ló ka èyí sí mi létí, tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, nǹkan dúdú tí o ní ó dà bí irú, kí ló dé tí o ò fi irú sí i? Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn. Ọmọ mi ló mú fídíò wá, ó ní ká sè é. Gíríìnì bíìnsì wà lọ́jà, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń kó o wá pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì. Ya cai ni a ò rí. Mo mú irú wooro, mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, mo dín in títí ó fi ń ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gún edé gbígbẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Agbada àkàrà ni mo fi dín in lórí iná igi ní ẹ̀yìnkùlé, iná tí gáàsì ò lè bá du nǹkan. Huajiao ò sí, ata gígbẹ nìkan ni, nítorí náà ẹnu ò kú.

Bàbá wọn jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ó dùn. Ọbẹ̀ ẹ̀ dà?" Mo ní kò lọ́bẹ̀. Ó ní kí wọ́n ro àmàlà wá, òun á dúró de ọbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Chengdu

Ẹ kúulé, ẹ̀yin màmá àti bọ̀dá mi. Ọdún kẹta mi rèé ní Sichuan. Si ji dou ni wọ́n ń pe ẹ̀wà yẹn níbí, ẹ̀wà ìgbà mẹ́rin inú ọdún. Fún ata, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní: là ni èyí tó ń ta, má ni èyí tó ń pa ẹnu kú. Èèyàn lè béèrè fún ọ̀kan, kó ní òun ò fẹ́ ìkejì.

Màmá Ìbejì, ẹ má bínú, ibi tí ẹ ti ní ti ìgbà àkọ́kọ́ ń ké nínú ló mú mi kọ̀wé. Ẹ̀wà yìí ní oró bí gbágùúdá ṣe ní tiẹ̀, iná ló ń pa á. Ọdún tí mo dé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì sè é ní ilé tá a ń gbé. A fẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀ bíi ti inú fọ́tò, a yọ ọ́ nígbà tó ṣì ń dán. Kò pé wákàtí mẹ́ta tí ìkan nínú wa fi sáré lọ ilé ìyàgbẹ́. Èmi ni mo ṣe ìkejì. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà. Èébì ni láti alẹ́ dójúmọ́, mo rò pé mò ń kú lọ, mo ti ń pe ìyá mi lórí fóònù kí n lè dágbére. Nígbà tá a sọ fún olùkọ́ wa, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní torí ẹ̀ ni wọn ò fi gbọdọ̀ sè é nílé oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé kékeré. Ẹ dín in títí àwọ̀ ewé ẹ̀ á fi ṣú, tí òórùn tútù ẹ̀ á lọ, tí kò ní ké lẹ́nu mọ́.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ha! Ọmọ mi, o ṣeun púpọ̀. Ọpẹ́ ni pé kò dùn, gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù lọ́jọ́ náà. Màmá Ìbàdàn, ẹ ṣé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kí Bàbá. Irú wà nínú fírísà mi, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo máa dán an wò, tí òórùn ẹ̀ ò bá tún gbé ìyá ìsàlẹ̀ wá.

Mo rí àwọn orín kan lánàá ní Rye Lane, ní Peckham. Ìyáàlé tó ń tà á ní òun ò mọ èwo ni ata nínú wọn. Mo ra mẹ́ta, mo rún ìkan nínú bọ́ọ̀sì. Orín ata ni. Ọkọ mi pè mí lórí fóònù, mo dá a lóhùn, ó ní ṣé mo ti mutí ni.