Gorée: ẹ má bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà

Àǹtí Kútọnu:

Ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ilé. Ìbéèrè nípa Gorée ti pọ̀, ẹ jẹ́ ká kó ìdáhùn jọ sójú kan. Erékùṣù kékeré ni, ó kọjú sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Gígùn rẹ̀ ò pé kìlómítà kan, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 300 mítà. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ni tolórí tẹlẹ́mù ń fi rìn, ọmọlanke ni wọ́n sì fi ń ti ẹrù kúrò ní èbúté. Ayàwòrán, agbẹ́gilére, aláró àti àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ló kún ojú ọ̀nà.

Ohun tó ń ba ìrìn náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á wọ ọkọ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n á yí Ilé Ẹrú ká, ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣèrántí òwò ẹrú, wọ́n á ra ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó di aago mẹ́rin, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ padà sí Dakar. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò tíì rí Gorée. Ní ọ̀sán, ọjà ni ibẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà fúnra wọn ò ráyè ṣiṣẹ́, wọ́n ń tajà ni. Ìgbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá kó àlejò lọ tán ni abúlé náà ń yọjú: àwọn ọmọdé á máa gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, àgbà á gbé àga síta, ẹ óò sì máa gbọ́ omi òkun láti inú yàrá. Ẹ sùn síbẹ̀. Òru méjì ló dáa, kó sì jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, torí àwọn ará Dakar máa ń ya wá sí etíkun ibẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ rántí pé Ilé Ẹrú kì í ṣí ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nítorí náà èrò máa ń dín kù lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sán Mọ́ńdè, tó sì wo Ilé Ẹrú ní àárọ̀ Túsìdeè, kò pàdánù nǹkan kan.

Ní ti ìrìn: ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò ò nílò físà fún 90 ọjọ́, torí àdéhùn ECOWAS. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. CFA tí wọ́n ń ná ní Kútọnu àti Lomé náà ni wọ́n ń ná ní Dakar, torí náà ẹni tó bá ní i nílé kó kó o dání. Pápákọ̀ òfurufú jìnnà sí àárín ìlú, ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá máa balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sùn sí Dakar, kí ẹ sọdá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Inú èbúté Dakar ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni orí omi. Oríṣi mẹ́ta ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tàlọ-tàbọ̀: 5,200 CFA fún àlejò láti òkèèrè, 2,700 fún ẹni tó ń gbé ní Áfíríkà, 1,500 fún ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ẹ wo pátákó tó wà lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, torí owó lè yí padà. Ẹ fi pásípọ́ọ̀tù han akọ̀wé kí ó tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì sọ pé Áfíríkà lẹ̀ ń gbé. Bí ó bá ti tẹ ti 5,200, ó ṣòro kó tó dá a padà. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, owó orí àlejò tún wà, 500 CFA, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni.


Ọmọ Pópó Àgùdà:

Ẹ ṣé, Àǹtí. Kí n fi ti ẹrù kún un. Ẹ má gbé báàgì onítáyà lọ. Iyanrìn ló wà ní ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ibẹ̀, òkúta gbágungbàgun sì wà níbi tí iyanrìn ò sí. Táyà á rì, orí lẹ óò fi ru báàgì náà nígbẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ló dáa.

Inú ilé àtijọ́ tí wọ́n kun ní pupa rẹ́súrẹ́sú àti àwọ̀ ìyeyè ni yàrá àlejò máa ń wà, tí àgbàlá wà láàárín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá fèrèsé kọjú sí òkun, torí atẹ́gùn ibẹ̀ ni fáànù yín bí iná bá lọ. Ẹ béèrè àwọ̀n ẹ̀fọn pẹ̀lú. Kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa se oúnjẹ alẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń mú àlejò. Púpọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ tó wà létí èbúté, èrò ọ̀sán ni wọ́n ń dáná fún, ohun ìsebẹ̀ sì ní láti gba orí omi wá láti Dakar. Ẹni tó bá dúró di aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó wá oúnjẹ lè fi búrẹ́dì sùn. Kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, ẹ ti sọ fún onílé iye ènìyàn tó máa jẹun àti ohun tí ẹ fẹ́.

Owó ṣẹ́ńjì ni kí ẹ kó wá láti Dakar. Ìlẹ̀kẹ̀ ò ju owó kékeré lọ, bí ẹ bá sì na 10,000 sí ẹni tó ń tà á, yóò máa wá ṣẹ́ńjì kiri àdúgbò.

Nínú ọkọ̀, àwọn obìnrin kan á wá jókòó tì yín. Wọ́n á kí yín dáadáa, wọ́n á béèrè orúkọ yín, wọ́n á ní kí ẹ ṣèlérí pé ẹ óò yà sí ìsọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni wọ́n ń sọ, ẹ dá wọn lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n ìlérí lójú tiwọn, ìlérí ni: bí ẹ bá ti ní "ó dáa", wọ́n á dúró dè yín, inú wọn á sì bàjẹ́ bí ẹ bá rí wọn fín. Bí ẹ ò bá ní lọ, ẹ sọ ọ́ nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

Iwájú èbúté ni kí ẹ ti wẹ̀. Ẹ̀yìn erékùṣù, àpáta ni. Láti nǹkan bí oṣù kìíní sí ìkẹrin, omi òkun tútù gan-an, torí atẹ́gùn máa ń ti omi òkè lọ, omi ìsàlẹ̀ tó tutù á sì rú wá sókè.


Baba Oníṣọ̀nà:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, torí òun ló yẹ kó gbé ènìyàn débẹ̀.

Àwòrán oníyanrìn ni ẹ óò rí jù. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀ rárá, àwọ̀ iyanrìn fúnra rẹ̀ ni. Inú ìgò tàbí igbá ni wọ́n ń kó iyanrìn sí, ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: dúdú láti inú òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ yọ́ nígbà láéláé, funfun láti etí omi, pupa àti òféfèé láti aṣálẹ̀. Oje igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀mù arábíìkì ni wọ́n fi omi pò, òun ni àtè wọn. Ayàwòrán á fi búrọ́ọ̀ṣì ya àtè náà sórí pákó pẹlẹbẹ. Ẹ ò ní rí nǹkan kan, torí àtè ò láwọ̀. Yóò bu iyanrìn, yóò máa jẹ́ kó yọ́ jáde lẹ́bàá ọmọ-ìka ọwọ́ rẹ̀, dúdú síbí, pupa sọ́hùn-ún, títí pákó á fi rí bí ilẹ̀ tí adìẹ tú. Lẹ́yìn náà ni yóò dojú pákó délẹ̀, tí yóò fi ìka gbá ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iyanrìn tí kò rí àtè á dà nù. Obìnrin tó ru igbá á yọ lójú pákó. Kí àtè tó gbẹ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wọn fi ń yá.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi àtàǹpàkò ra etí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Hóró méjì mẹ́ta kò burú. Bí ó bá dà wẹẹ, àtè ti ṣàn jù nígbà tí wọ́n lò ó, tàbí iṣẹ́ náà ò tíì gbẹ. Fi aṣọ funfun tó rin díẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ kan: bí aṣọ bá gba àwọ̀, wọ́n re iyanrìn náà ní aró ni, oòrùn á sì mú un ṣá. Omi ni ọ̀tá rẹ̀ tó tóbi jù, torí gọ́ọ̀mù arábíìkì máa ń yọ́ nínú omi. Ẹ bi ayàwòrán bóyá ó ti fín fáníìṣì sí i. Kódà bó bá ti fín in, ẹ má gbé e síbi tí omi òkun á ti ta sí i nínú ọkọ̀, ẹ má sì fi ọ̀rá dì í nígbà tí oòrùn mú, yóò làágùn nínú ọ̀rá. Ìwé ìròyìn lẹ óò fi wé e, kí páálí wà níwájú àti lẹ́yìn.

Èkejì ni àwòrán inú gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní souwère. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ti ń yà á, iwájú ni a ti ń wò ó, nítorí náà òdìkejì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ilà ojú, ìpéǹpéjú àti òwú ẹnu aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi yíǹkì dúdú fà, lẹ́yìn náà ara, lẹ́yìn náà aṣọ, ojú sánmà ló kẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí àtúnṣe, torí ohun tó kọ́kọ́ yà ló wà lókè. Ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí ibì kan bá ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀dà ti ń ṣí kúrò lára gíláàsì, kò ní pẹ́ já.

Ẹ má rajà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gun òkè Castel ní ìhà gúúsù, níbi tí àwọn ìbọn ńlá àtijọ́ wà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Baye Fall, ìyẹn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ń gbé inú yàrá abẹ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún ọmọ ogun, wọ́n sì ń pàtẹ sójú ọ̀nà. Àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ èrò tó dé, ni wọ́n ráyè fi iṣẹ́ han ènìyàn. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá ń lọ ní alẹ́, torí etí òkè náà dà gọ̀ọ̀rọ̀ sínú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ràn ère, kó mọ̀ pé Gorée ni Moustapha Dimé, tó kú ní 1998, ti ṣiṣẹ́, agbẹ́gilére tó ń fi igi tí òkun gbé jáde, ìṣó àti igbá ṣe ère.


Ará Ìkẹ́nnẹ́:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ́ kíkí wọn. "Salaamaalekum" ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà "Nanga def?", ìyẹn "ṣé dáadáa ni?", ìdáhùn rẹ̀ ni "Maa ngi fi rekk". Ẹni tó bá béèrè iye ọjà láìkí ènìyàn, bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ni lójú wọn, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ẹnu yín á mọ oúnjẹ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rù ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ kọfí tí wọ́n ń pè ní café Touba. Bissap wọn, omi ìṣápá ni. Bouye, èso igi oṣè ni. Nínú ceebu jën, ìrẹsì àti ẹja, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fi èérún ìsàlẹ̀ ìkòkò sí i, ibẹ̀ ni adùn wà.

Lórí Ilé Ẹrú, nǹkan bí 1776 ni wọ́n kọ́ ọ, UNESCO sì fi erékùṣù náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1978. Ẹ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Bahia àti Kúbà, láti Ouidah, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n ti wọkọ̀, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà Ilé Ẹrú tó kọjú sí òkun.


Àǹtí Kútọnu:

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ti ọjọ́ ìpadà. Ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ kùtù, òun ló ń kó àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Dakar, ẹrù ò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má tẹ́ souwère sílẹ̀ gbalaja, torí bí ohunkóhun bá lè tẹ̀ ẹ́ láàárín, yóò là. Ẹ gbé e dúró lórí etí rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ yín, kí páálí wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ní pápákọ̀ òfurufú, ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e wọnú ọkọ̀, ẹ má fi sínú báàgì tí wọ́n ń kó sí abẹ́.