Wọ́n ha ọkọ̀ mi lára: ṣé kí n béèrè owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, àbí kí n tún un ṣe fúnra mi?

Abíkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ilé epo kan ní Rìng Road, ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rìn padà sẹ́yìn fi bọ́ńpà rẹ̀ ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ó sì mú kí ó tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣì ń ṣí, ó sì ń tì dáadáa, gíláàsì kò fọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa. Ọkùnrin náà bẹ̀ mí, ó gbà pé òun ni òun jẹ̀bi, ó sì jẹ́ kí n ya fọ́tò ìwé third party rẹ̀, ìyẹn adójútòfò tó ń san òfò tí ọkọ̀ ẹni bá ṣe fún ẹlòmíràn, àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀.

Comprehensive, ìyẹn adójútòfò tó ń bo òfò ọkọ̀ tẹni náà, ni èmi ń san. Mílíọ̀nù 8 náírà ni wọ́n díye lé ọkọ̀ mi, mo sì san 400,000 náírà fún ọdún yìí. Ẹni tó ń bá mi kun ọkọ̀ ní 120,000 náírà ni iṣẹ́ náà máa gbà. Nígbà tí mo pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò tèmi, ẹni tó gbé fóònù sọ pé ara ọkọ̀ lásán ni wọ́n ha, àwọn kì í sì í sanwó lórí irú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí nígbà tí wọ́n ń ta ìwé náà fún mi, wọ́n ní kò sí òfò tí kò bò. Ṣé òótọ́ ni ohun tó sọ? Bí kì í bá ṣe òótọ́, ṣé ó tọ́ kí n béèrè owó náà?

Bàbá Ṣọlá

Arábìnrin Abíkẹ́, ẹ kú ewu. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ san án fúnra yín. Ẹ wo ìwé yín, ẹ máa rí ohun tí wọ́n ń pè ní excess, ìyẹn apá tí ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé nínú òfò náà. Bí ó bá jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ dín sí 50,000 náírà, a jẹ́ pé 70,000 péré ni yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ fọ́ọ̀mù, tí ẹ sì ti dúró de ẹni tí wọ́n máa rán wá wo ọkọ̀. Ẹ tún máa pàdánù ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò béèrè owó kankan láàárín ọdún.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń san owó òfò ọkọ̀. Ohun tí ẹni yẹn sọ lórí fóònù kò tọ̀nà. Ohun tí comprehensive máa ń yọ sílẹ̀ ni ohun tí ìlò àti ọjọ́ orí fà: ọ̀dà tí oòrùn ti pa, irin tó ti dípẹtà, táyà tó ti jẹ. Bíbàjẹ́ tó bá ti inú ìjàǹbá wá, bó ti wù kó kéré tó, òfò ni, àfi tí ìwé yín bá yọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n tọ́ka sí ìlà tí wọ́n gùn lé nínú ìwé náà.

Ní ti ẹ̀dínwó, nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó, owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀. Ìdá 5 gééré ni 400,000 jẹ́ nínú mílíọ̀nù 8. Bí kò bá sí ẹ̀dínwó nínú iye yẹn tẹ́lẹ̀, kò síbi tí wọ́n tún lè dín in dé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ máa pàdánù. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ìbẹ̀rù yìí tó ṣe ìpinnu fún yín.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìwé ọkùnrin yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Third party tí oní-ọkọ̀ àdáni ń san ní 15,000 náírà láti 2023 lè san owó ohun ìní ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́ títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. Níbẹ̀, excess tiyín kò wọ ọ̀rọ̀ rárá. Ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò lórí NIID, àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Kí òun fúnra rẹ̀ sì fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ létí. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ tiyín náà, kódà bí ẹ kò bá ní béèrè owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀, torí bí ẹ bá padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ yín, wọ́n lè ní ẹ ti ba ẹ̀tọ́ àwọn láti gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́.

Akunmọ́tò Mókọ́lá

Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí a bá ti fi pọ́tì dí i, tí a sì ti fín ọ̀dà sí i, ẹni tí wọ́n rán wá kò ní rí nǹkan kan wò mọ́. Bí ọ̀dà ọkọ̀ yín bá jẹ́ mẹ́tálíìkì, ìyẹn èyí tó ń dán bí irin, a kò lè kun ojú ibi tí wọ́n ha nìkan. A ní láti fín in dé ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àwọ̀ má baà yàtọ̀ síra, ibẹ̀ gan-an sì ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n á ní ilẹ̀kùn nìkan ni àwọn máa san. Kí oníṣẹ́ yín kọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú ìwé iye owó, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ má sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Bí ó bá ha dé irin, òjò á mú kó dípẹtà. Bí ẹlòmíràn bá sì tún gbá ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n á yọ owó ti àtijọ́ kúrò nínú ti tuntun.

Abíkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti wo ìwé mi: ìdá 10 ni excess, kò gbọdọ̀ dín sí 50,000, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ṣọlá ṣe rò ó, kò sì sí ẹ̀dínwó kankan níbẹ̀. Ìwé ọkùnrin náà wà lórí NIID, ó sì ti gbà láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la. Mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí tèmi náà. Akunmọ́tò Mókọ́lá, mẹ́tálíìkì ni ọ̀dà náà. Bí ẹ bá gbà, mà á gbé ọkọ̀ náà wá kí ẹ̀yin náà lè kọ iye owó tiyín, kí n lè fi sí ti oníṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí wọn.