Owó maṣíìnì káàdì ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè èlùbọ́ mi tán

Ìyá Elélùbọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń ta oúnjẹ: èlùbọ́, gàrí, iṣu, epo pupa, pọ̀nmọ́, panla. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, owó ọwọ́ ni gbogbo èèyàn ń mú wá. Ní báyìí, ẹni tó fẹ́ ra Maggi £1 á kàn na fóònù síwájú mi ni. Mi ò sì lè ní n ò gbà á, torí ṣọ́ọ̀bù kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, òmíràn wà lọ́wọ́ òsì.

Àná ni mo tó jókòó ti ìwé ìṣirò tí àwọn tó fún mi ní maṣíìnì fi ránṣẹ́ fún oṣù tó kọjá. Mi kì í kà á tẹ́lẹ̀, ẹ má bú mi. Owó tó gba orí maṣíìnì wọlé jẹ́ £8,000 (mo ti yọ péńsì kúrò). Debit (káàdì tó ń mú owó tààrà nínú àkáǹtì oníbàárà) £6,000, wọ́n gé 1.1%. Credit (káàdì àwìn) £1,400, wọ́n gé 1.4%. Káàdì ilé-iṣẹ́ àti káàdì ará òkèèrè £600, 2.6%. Wọ́n tún gba péńsì mẹ́ta mẹ́ta ní gbogbo ìgbà tí káàdì kan maṣíìnì, ìgbà 620 sì ni. Owó háyà £24, VAT £4.80 lórí ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni £30 tí wọ́n kọ "PCI non-compliance" sí lára. Àpapọ̀ jẹ́ £178.60. Oṣù kan ṣoṣo o! Àpò gàrí mélòó ni mo fẹ́ tà kí n tó rí èrè tó tó ìyẹn?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n máa gba 50p lórí ọjà tí kò bá tó £5? Ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa lẹ ìwé ẹ̀ mọ́ ògiri. Àbí kí n kúkú pa maṣíìnì tì?

Bàbá Ìbejì:
Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ má gba 50p yẹn o. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2018 ni òfin ti kọ̀ ọ́ nílẹ̀ yìí pé kí ọlọ́jà bu owó lé ọjà nítorí pé oníbàárà fi káàdì ara ẹ̀ san án, ì báà jẹ́ debit tàbí credit. Ẹni tó lẹ ìwé mọ́ ògiri yẹn ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá ẹjọ́ ni. Káàdì ilé-iṣẹ́ ni òfin náà ò dé, síbẹ̀ ẹ ò lè gbà ju iye tó ná yín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ tó iye báyìí kí èèyàn tó yọ káàdì, òfin ò ní kẹ́ ẹ má sọ ọ́, àmọ́ ẹ ka àdéhùn yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Èmi tí mo ń gẹrun, maṣíìnì kékeré tí èèyàn ń rà tán ni mo ń lò. Kò ní háyà, kò ní owó oṣù. 1.69% lórí gbogbo káàdì, ó parí. Lórí £8,000 yín, £135.20 nìyẹn.

Oníṣirò Ìjẹ̀bú:
Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ, àmọ́ ẹ má tíì sáré, Mà. £30 yẹn ló dùn mí jù. Wọn ò ṣe iṣẹ́ kankan fún yín tí wọ́n fi ń gbà á. Ìtanràn ni, torí ẹ ò tíì dáhùn àwọn ìbéèrè ọdọọdún ti PCI, ìyẹn ìlànà nípa bí ọlọ́jà ṣe ń ṣọ́ káàdì oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù tó ní maṣíìnì kan, tí kì í kọ nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan ni yóò fi dáhùn ẹ̀ tán. Ìyẹn nìkan á sọ £178.60 di £148.60.

Nínú 1.1% tí wọ́n ń gé lórí debit, 0.2% péré ló ń lọ sí báńkì oníbàárà. Ti credit jẹ́ 0.3%. Ibi tí òfin fi ààlà sí fún káàdì aráàlú tí báńkì UK bá ṣe nìyẹn. Káàdì ilé-iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Visa tàbí Mastercard á mú tiwọn. Ìyókù, àpò ẹni tó fún yín ní maṣíìnì ló wà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ná an, bí àwọn oníbàárà ṣe ń ná iṣu mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìgbà wo lẹ tọwọ́ bọ̀wé? Láti ọdún 2023, PSR, àjọ tó ń mójú tó ètò ìsanwó, ti pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń fún ọlọ́jà ní maṣíìnì pé àdéhùn háyà maṣíìnì ò gbọdọ̀ ju oṣù 18 lọ, kò sì gbọdọ̀ máa sọ ara ẹ̀ di tuntun kó tún dè yín mọ́lẹ̀.

Ní ti pípa maṣíìnì tì, ẹ kọ́kọ́ wo iye tí báńkì yín ń gé nígbà tẹ́ ẹ bá gbé owó ọwọ́ lọ bá wọn. Kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Aláṣọ Lésì:
Ẹni tó bá ra ọjà tó ju £100 lọ́dọ̀ mi, mo máa ń ní kó fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi tààrà. Kì í pẹ́ dé. Ẹ lè ṣe é fún àwọn tó ń ra àpò àpò fún òde. Àmọ́ fóònù tiyín ni kẹ́ ẹ máa wò o! Obìnrin kan fi "owó ti lọ" hàn mí lójú fóònù ẹ̀, ó di lésì mẹ́ta mọ́ abíyá, ó ní òun ń bọ̀. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́:
Mo padà dé. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni mo tọwọ́ bọ̀wé, oṣù 18 ti pé, ó ti lé.

Mo ti dáhùn ìbéèrè PCI. Wọ́n ní ta ló tún ń fọwọ́ kan maṣíìnì. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró sẹ́yìn káńtà ó ń wojú mi, torí òun ló máa ń dù ú láti na maṣíìnì sí oníbàárà. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní iye yẹn ò ṣeé dín. Mo ní kò burú, kó fi ìwé tí mo máa fi kúrò lọ́dọ̀ wọn ránṣẹ́. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Orin ń kọ sí mi létí títí mo fi wọn kóńgò gàrí méjì fún ẹnì kan. Nígbà tó padà, debit ti di 0.7%, credit 0.9%, háyà £15. Mo ṣe é lórí bébà: £106.80, bí ọjà bá rí bíi ti oṣù tó kọjá. Mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ó ní yóò dé lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé náà la wà yìí, aago mẹ́rin ti lù, mi ò tíì rí nǹkan kan. Bàbá Ìbejì, èló lẹ ra maṣíìnì kékeré yẹn?