CloudStack: báwo la ṣe máa so Terraform àti Ansible mọ́ ọn kí VM oníbàárà lè máa dìde fúnra rẹ̀?

Sẹ́fàYábàá kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. CloudStack 4.19, ètò tó ń pín sẹ́fà sí kọ̀ǹpútà kéékèèké, la fi ń ta VM (irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀): management server kan (tó ń darí ìyókù), sẹ́fà KVM mẹ́ta (ibi tí VM ń gbé) tó ń lo Ubuntu, NFS (ìpamọ́ orí nẹ́tíwọ̀kì) fún primary (disk VM) àti secondary storage (template, ìyẹn àwòṣe VM). Orẹ́gùn ni ẹ̀rọ wà, Yábàá ni ọ́fíìsì wà. Bí oníbàárà bá sanwó báyìí, ẹnì kan ló máa jókòó ti ojú ewé CloudStack, táá ṣe nẹ́tíwọ̀kì, VM, IP àti firewall níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà táá gba SSH wọlé lọ to Nginx (ètò wẹ́ẹ̀bù) àti PostgreSQL (ìpamọ́ dátà) sí i. A fẹ́ kí gbogbo ìyẹn máa lọ fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa ní ká kọ plugin Java sínú management server, ẹlòmíì ní Terraform (tó ń dá VM àti nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀ láti inú fáìlì) àti Ansible (tó ń to ètò sínú VM) ti tó. Èwo ni ká ṣe? A ti fi Terraform dán an wò: VM dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n `apt update` (àṣẹ tó ń wo ètò tuntun fún Ubuntu) inú rẹ̀ kàn ń dúró títí ni, bẹ́ẹ̀ ó ń rí IP archive.ubuntu.com bó ṣe yẹ. Tí a bá sì ní `terraform destroy`, VM á lọ, nẹ́tíwọ̀kì á kọ̀ jálẹ̀. Kí ló fà á, ẹ jọ̀ọ́?

Baba_KVM kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, Sẹ́fàYábàá. Ẹ gbàgbé plugin. Ojú ewé tí ẹ ń tẹ̀ yẹn gan-an, API CloudStack (ọ̀nà tí ètò mìíràn fi ń pàṣẹ fún un) ló ń pè. Kò sí ohun tó ń ṣe tí irinṣẹ́ ìta ò lè ṣe. Plugin Java, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ CloudStack sí ẹ̀dà tuntun lẹ máa tún un kọ́, tó bá sì dàrú, management server ló máa fà lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ apt yẹn: isolated network (nẹ́tíwọ̀kì àdáni oníbàárà) tí ẹ bá fi DefaultIsolatedNetworkOfferingWithSourceNatService ṣe máa ń ti ọ̀nà àbájáde pa títí ẹ ó fi kọ òfin egress (òfin ìjáde) fún un. VM ń rí IP tó wà lẹ́yìn orúkọ nítorí virtual router (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì náà) ló ń dá a lóhùn DNS, òfin yẹn kò sì de virtual router. Ẹ kọ èyí:

```
resource "cloudstack_egress_firewall" "abajade" {
  network_id = cloudstack_network.onibara.id
  rule {
    cidr_list = [cloudstack_network.onibara.cidr]
    protocol  = "tcp"
    ports     = ["80", "443"]
  }
  rule {
    cidr_list = [cloudstack_network.onibara.cidr]
    protocol  = "udp"
    ports     = ["123"]
  }
}
```

`cidr_list` yẹn, ibi tí ìsopọ̀ ti ń bọ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ibi tó ń lọ. UDP 123 wà fún aago. Tí aago VM bá ṣìnà, ìwé ẹ̀rí TLS á máa kọ̀. Ẹ má sì kó `apt install` sínú cloud-init (ètò inú VM tó ń ṣe ìmúrasílẹ̀ rẹ̀). Ìgbà tí VM kọ́kọ́ dìde ni cloud-init ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí òfin egress bá dé lẹ́yìn rẹ̀, apt ti kùnà nìyẹn, kò sì ní padà gbìyànjú. Kọ́kọ́rọ́ SSH àti orúkọ ẹ̀rọ nìkan ni kí cloud-init fi síbẹ̀, kí Ansible ṣe ìyókù.

Ti nẹ́tíwọ̀kì tó kọ̀: VM tí ẹ pa kò tíì lọ. Ó wà ní ipò Destroyed, CloudStack kì í sì í pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ́ títí gbogbo VM inú rẹ̀ yóò fi di expunged (parẹ́ pátápátá). `expunge.delay` jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 86400, ìyẹn wákàtí 24, `expunge.interval` náà sì jẹ́ 86400, nítorí náà ó lè tó ọjọ́ méjì kí VM tó pòórá. Nínú Terraform, ẹ fi `expunge = true` sí `cloudstack_instance`. Àmọ́ àkáǹtì olùmúlò lásán kò ní àṣẹ rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá sọ `allow.user.expunge.recover.vm` di true. Fún àkáǹtì ìdánwò nìkan ni kí ẹ ṣí i. VM tó bá ti di expunged kò ní àgbàpadà, wákàtí 24 yẹn sì ti gba ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ àṣìtẹ̀.

Màrínà_Ops kọ:

Mo gbà pẹ̀lú Baba_KVM pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àṣẹ kún un, torí ibẹ̀ ni ewu tó tóbi jù wà.

Ẹ má fún Terraform ní kọ́kọ́rọ́ admin. Ẹ ṣe role (àkójọ àṣẹ) tuntun àti àkáǹtì tirẹ̀. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni CloudStack ń ka òfin role: èyí tó bá kọ́kọ́ bá orúkọ API mu ló ń ṣiṣẹ́, ohun tí kò bá bá ìkankan mu kò ní àṣẹ. Ẹ gba `list*` láàyè, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú deployVirtualMachine, destroyVirtualMachine, createNetwork, deleteNetwork, associateIpAddress, createFirewallRule, createPortForwardingRule, createEgressFirewallRule àti àwọn tó ń pa wọ́n rẹ́. Ẹ má gbàgbé queryAsyncJobResult! `list*` kò kàn án. Iṣẹ́ tó bá gùn, CloudStack á kọ́kọ́ fún yín ní jobid (nọ́ńbà iṣẹ́ náà), irinṣẹ́ á wá máa béèrè: 0 ni pé ó ń lọ lọ́wọ́, 1 ó parí, 2 ó kùnà. Bí role ò bá lè béèrè, VM á dìde, Terraform á ní ó kùnà, ẹ ó sì ní VM tí kò sí nínú state (fáìlì tí Terraform fi ń rántí ohun tó ti dá). Ẹ wo `integration.api.port` náà, kó wà ní 0. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń ní kí ẹ fi 8096 sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá dé pọ́ọ̀tù yẹn di admin láìsí kọ́kọ́rọ́ kankan.

Orúkọ tí àwọn irinṣẹ́ méjèèjì fi ń wá kọ́kọ́rọ́ kò jọra. Terraform ń wá CLOUDSTACK_API_URL, CLOUDSTACK_API_KEY àti CLOUDSTACK_SECRET_KEY. Ansible, ìyẹn àkójọ ngine_io.cloudstack (ẹ ṣe `pip install cs` fún un), ń wá CLOUDSTACK_ENDPOINT, CLOUDSTACK_KEY àti CLOUDSTACK_SECRET. CLOUDSTACK_TIMEOUT rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10. Láti Yábàá sí Orẹ́gùn lórí ìlà tó kún, ẹ sọ ọ́ di 60.

Kí Ansible tó wọ VM, `cloudstack_port_forward` nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ fi `cloudstack_firewall` ṣí pọ́ọ̀tù kan náà. IP ọ́fíìsì yín nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Tí IP ọ́fíìsì bá ń yí padà, ẹ fi VM kékeré kan ṣe ẹnu ọ̀nà ní Orẹ́gùn, kí ẹ fi ProxyJump (ọ̀nà tí SSH fi ń gba ẹ̀rọ kan dé òmíràn) gbà á kọjá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú playbook (àkójọ iṣẹ́ Ansible) kó jẹ́ `wait_for_connection` pẹ̀lú timeout 300, kí `gather_facts` (kíkó ìròyìn VM jọ) sì wà ní false títí ìyẹn yóò fi parí. Jobstatus 1 ń sọ pé KVM ti tan VM ni, sshd (tó ń gba SSH wọlé) lè má tíì ṣetán.

Ó tún ku ẹyọ kan: iṣẹ́ mẹ́wàá ni Terraform ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Template tí wọn ò tíì lò rí, CloudStack ní láti kọ́kọ́ dà á kọ láti secondary sí primary, NFS kan kò sì ní rí èémí mí. Ẹ lo `-parallelism=3`.

OkùnAbẹ́Òkun kọ:

Ẹ ronú nípa ọjọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pa pọ̀ lẹ́bàá Abidjan. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, sẹ́fà yín ní Orẹ́gùn wà digbí, oníbàárà Èkó sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nípasẹ̀ IXPN (ibi tí àwọn nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà ti ń pàdé), àmọ́ `terraform init` kò ní rí registry (ibi tó ti ń gba àfikún rẹ̀), apt kò ní rí Ubuntu. Ẹ ṣe `terraform providers mirror /srv/terraform`, kí ẹ tọ́ka `filesystem_mirror` sí i nínú `.terraformrc`. Fún Ansible, `ansible-galaxy collection download ngine_io.cloudstack`. Fún apt, apt-cacher-ng lórí pọ́ọ̀tù 3142 yóò pa àwọn tí ẹ ti lò rí mọ́, ẹ ṣáà fi 3142 kún òfin egress. State náà, ẹ má fi sórí laptop ẹnì kan: backend `pg` (ìpamọ́ nínú PostgreSQL) ń tì í kí ẹni méjì má ṣe `apply` pọ̀.

Sẹ́fàYábàá kọ:

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹyọ kan ló kù: ẹ̀ka ìṣírò fẹ́ mọ̀ ní kété tí VM bá dìde tàbí tó kú, kí owó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ṣé ká máa pe listVirtualMachines ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni?

Baba_KVM kọ:

Ó ti o, ẹ ó kàn máa da iṣẹ́ sórí management server lásán ni. 4.20 ti ní webhook (CloudStack fúnra rẹ̀ á fi ìròyìn ránṣẹ́). Lórí 4.19 yín, ẹ lo event bus (ọ̀nà tí CloudStack fi ń tú ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ jáde) pẹ̀lú RabbitMQ (ètò tó ń gbé ìròyìn kiri): ẹ ṣe fódà `/etc/cloudstack/management/META-INF/cloudstack/core`, ẹ fi `spring-event-bus-context.xml` sínú rẹ̀, kí ẹ tún management server tan. Ẹ fi RabbitMQ sórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Kí ẹ̀ka ìṣírò ṣì máa pe listUsageRecords lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìròyìn tó bá bọ́ nígbà tí RabbitMQ kò sí lórí ìdúró lè má dé mọ́. Usage server gbọ́dọ̀ ti wà lórí management server kí ìyẹn tó ní ohun tó máa kà: `apt install cloudstack-usage`, ẹ sọ `enable.usage.server` di true, kí ẹ tún méjèèjì tan.